Mi Ò Gbọ́

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí láti ilé, Rísí ọmọ mi sì ti ra kóòtù sílẹ̀ dè mí, èyí tó gùn dé kókósẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ènìyàn lè jókòó ti ènìyàn nínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n jọ rìn títí, kí wọ́n má kí ara wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, gbogbo ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì ni mo ń kí. Mo ní "Gúdù mọ́nìn" fún obìnrin kan, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mo ń bá wí.

Rísí tọ́ mi ní ìgbọ̀nwọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe?"

"Wọ́n ń wo ojú fèrèsé."

Èmi náà wo ojú fèrèsé. Kò sí ẹni tí mo mọ̀ níbẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá, Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n. Ìwé mẹ́ta ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì ni mo ń tà. Ní ìgbà tí mo ń sọ yìí, gbogbo ènìyàn ló ń pe Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, bí ẹni ń pe orúkọ àìsàn. Àwọn aránṣọ ń já bọ́tìnnì ara aṣọ àtijọ́ láti fi rán tuntun, ọjà mi sì kú. Rísí bímọ, ó sọ ọ́ ní Wàhábù, ó ní kí n wá bá òun tọ́ ọ. Bàbá Rísí, ìyẹn Làmídì ọkọ mi, ló ní kí n máa lọ. Ó fi ọwọ́ ṣe bí bàálù tó ń gbéra, ó rẹ́rìn-ín. Mo lọ.

Ó ti di olóògbé báyìí. Mo fẹ́ sọ ti rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé ohùn rẹ̀, nítorí ojú ènìyàn a máa wà nínú fọ́tò, ohùn kì í sí níbẹ̀.

Sójà ni Làmídì. Nígbà ogun abẹ́lé, ó wà lára àwọn tó ń ki ọta bọ inú àgbá ńlá. Ó ní bí àgbá yẹn bá dún, ilẹ̀ á gbé àwọn sókè díẹ̀ kó tó gbé àwọn sílẹ̀. Ó padà wálé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì, gbogbo wa ń dúpẹ́. Lọ́jọ́ kan a jókòó sínú ilé, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, òjò tó le débi pé ńṣe ni àwa yòókù ń kígbe ká tó gbọ́ ara wa. Làmídì ń jẹ ẹ̀pà, kò gbé ojú sókè. Ìgbà tí omi kán sí i lọ́rùn ló tó wòkè. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn.

Ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá o. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ kó tó lọ sógun náà ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tèmi nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Bí mo bá dojú kọ ọ́ tí mo rọra sọ ọ́, ó máa yé e. Ti ẹlòmíràn kò yé e, àfi ìkíni, nítorí ìkíni kò nílò etí. Bí ọmọdé bá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ ní òwúrọ̀, kí ló tún lè máa wí? Bí ẹnì kan bá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́ tó sì tẹríba, ṣé o tún máa bi í pé kí ló sọ ni? Làmídì á dáhùn ṣàkà: "Òo, ṣé dáadáa la jí? Àwọn ará ilé ńkọ́?" Àlejò á bá tirẹ̀ lọ, kò ní mọ̀ pé adití lòun kí.

Ìjọba wá kéde pé kí àwọn sójà àtijọ́ tí ogun ṣe ní àbùkù wá fi ara han àwọn dókítà ní Ọ̀yọ́, kí wọ́n lè máa rí ìtọ́jú àti owó ìrànwọ́ gbà. Èmi àti ẹ̀ la jọ lọ. Ilé kan tí kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní kí àwọn ìyàwó dúró síta, mo lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Kò pẹ́ rárá tó fi jáde.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi, mo dá a lóhùn. Dókítà wá ń mi ẹnu. Mo ní mi ò gbọ́. Ọmọ yẹn bá dókítà sọ̀rọ̀, dókítà kọ̀wé. Ọmọ yẹn tún wá tẹríba fún mi, mo ní a dúpẹ́. Ó parí."

"Ó parí báyìí?"

"Àbí o fẹ́ kí wọ́n gé etí náà wò ni?"

A jẹ̀kọ ní Akẹ̀sán, a wọkọ̀, a padà sílé. Nígbà tí èsì dé, Ganiyu ló kà á fún wa. Ọmọ àbúrò Làmídì ni Ganiyu, tíṣà ni. Ó kà á tán, ó tún un kà sínú. Ó ní, "Wọ́n ní àwọn fi ọ̀rọ̀ wá Bàbá lẹ́nu wò, ó sì dáhùn dáadáa. Wọ́n ní etí wọn pé."

Ìyẹn ló dojú ọ̀rọ̀ rú. Ó dáhùn dáadáa báwo? Ta ló bi í léèrè tó gbọ́? Mo rò ó títí. Mo rò ó pé bóyá ẹnì kan ló wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ràn wa, ṣùgbọ́n Làmídì kò bá ẹnikẹ́ni jà ní Ọ̀yọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí tàn dé iwájú mọ́ṣáláṣí tí òun àti àwọn ojúgbà rẹ̀ máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun. Mùfútáù wà níbẹ̀, òun ni ogun gé lẹ́sẹ̀ kan. Ẹlẹ́nu ni Mùfútáù. Ó ní, "Làmídì, èmi fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí n tó gba tèmi. Ìwọ fẹ́ fi etí tó ń gbọ́ dídún ìkòkò ọbẹ̀ gbà á." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Làmídì náà rẹ́rìn-ín, torí ó rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú rẹ̀ délé. Nígbà tó dé, ó bi mí pé kí ni Mùfútáù sọ tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Mi ò lè purọ́ fún un, ẹnu mi ló ń wò. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí àpótí. Láti ọjọ́ yẹn, yàrá ló ti ń kírun.

Ganiyu ní ọ̀nà kan ṣì kù. Ó ní ìgbìmọ̀ mìíràn wà tí ẹni tí wọ́n bá já ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù lè lọ bá, wọ́n ń pè é ní kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àyè rẹ̀ sì wà títí ìparí ọdún. Mo fi ẹnu sọ ọ́ fún Làmídì.

"Kí ni n ó tún lọ sọ fún wọn? Mo ti sọ ọ́. Mo ní mi ò gbọ́. Wọ́n ní irọ́ ni." Ó yí ojú sí ògiri. Bó bá ti yí ojú sí ògiri, ìjíròrò ti parí nìyẹn, kò sí bí o ṣe lè bá a sọ ọ́ mọ́.

Báyìí ni nǹkan wà nígbà tí mo wọ bàálù.

Rísí bá mi wá iṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ọsibítù. Aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ibùsùn là ń ká láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, funfun báláú, gbígbóná láti inú ẹ̀rọ. Ariwo ẹ̀rọ yẹn pọ̀. Glọ́ríà tó wá láti Jàmáíkà la jọ ń di etí aṣọ mú, òun lápá kan, èmi lápá kejì. A ó pàdé láàárín, a ó tún yà, bí ẹni ń jó. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká èyí tó ní rọ́bà létí. Kò gbọ́ Yorùbá, mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Òyìnbó, ṣùgbọ́n a jọ ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀gá wa, Mísítà Kọ́lìn, ẹni tó máa ń wá sáré wò wá bíi pé àwọn aṣọ náà fẹ́ sá lọ.

Fóònù ló le jù. Alhaji Súlè tó ń ta páànù ní Tààkì ló ní fóònù ní àdúgbò wa. A ti jọ fẹnu kò sí ọjọ́ tí n ó máa pè, Ganiyu á sì mú Làmídì wá. Alhaji ló máa ń kọ́kọ́ gbé e. "Hẹ́lò, Lọ́ńdọ̀nù," ohun tó ń pè mí nìyẹn. "Ṣé ẹ ti rí ọba obìnrin?"

"A jọ ń ká aṣọ ni, Alhaji."

Lẹ́yìn náà Làmídì á gba fóònù. Kí ni adití fẹ́ fi fóònù ṣe? Èmi náà bi ara mi léèrè nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Rísí, ẹ kú àtijọ́." Ó dákẹ́ díẹ̀. "A dúpẹ́. Rísí ńkọ́?" Ó tún dákẹ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wàhábù ti ń rìn bí?" Ó dákẹ́. "Ọlọ́hun á dá a sí."

Ó ń fi àyè sílẹ̀ fún mi ni. Ó mọ bí ìdáhùn mi ṣe máa ń gùn tó, ó sì ń fi àyè tó bá a mu sílẹ̀. Mo máa ń sáré sọ tèmi sínú àyè náà. Nígbà mìíràn n kì í dáhùn ohun tó bi mí. Mo máa ń ní, "Ilé ń sọ mí." Á ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn tó bá gbé fóònù fún Ganiyu, n ó bi í pé ṣé Bàbá ti gbà láti lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn? Ganiyu á ní rárá. Ó ní ta ló máa bá Bàbá sọ ọ́, ẹnu tí wọ́n ń kà ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù ń lọ, ewé àwọn igi àdúgbò Rísí ti re tán.

Ní ibi iṣẹ́, bí Mísítà Kọ́lìn bá bá mi sọ̀rọ̀ tí kò yé mi, mo máa ń sọ ohun tí gbogbo wa ń sọ nílé: "Ai dont hia." Á tún un sọ, á pariwo sí i. N ó tún ní, "Ai dont hia." Á wá sún mọ́ mi, á bu ọwọ́ mọ́ ẹnu, á kígbe. Mo rò ó pé bóyá bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní Òyìnbó nìyẹn. Lọ́jọ́ kan ó fún mi ní ìwé, ó nawọ́ sí ẹ̀rọ, ó nawọ́ sí etí mi, ojú rẹ̀ fi àánú hàn. Ó ní kí n lọ rí àwọn elétí, ìyẹn àwọn dókítà etí, ní ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì tó gbà mí ń jẹ́ Brẹ́ndà. Ó mú mi wọ yàrá kékeré kan tó dákẹ́ bí inú kànga, ó fi nǹkan bò mí létí méjèèjì, ó fún mi ní bọ́tìnnì pé kí n máa tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnnì kẹ̀? Mo wò ó, kò ní ihò tí òwú lè gbà. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti fi hàn mí. Ohùn kékeré kan dún, mo tẹ̀ ẹ́. Òmíràn tún dún, ó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ẹ̀fọn tó wà ní ilé kejì. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo tẹ̀. Nígbà tí mo jáde, Brẹ́ndà wo ìwé, ó wo ojú mi, ó tún wo ìwé. Ó ránṣẹ́ pe Rísí wọlé láti ibi tó ti ń dúró dè mí.

Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ni Rísí bá bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi gèlè nu ojú.

"Màmá, kí lẹ ń sọ fún wọn níbi iṣẹ́?"

"Mo ní mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé adití ni yín. 'Hia' tiwọn, ti etí nìkan ni. Gbígbọ́ èdè, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ní fún un."

"Ọ̀rọ̀ méjì?"

"Méjì, Màmá."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Mo ń rò ó pé àwọn ènìyàn yìí mà ní ọrọ̀ o. Àwa ń fi gbọ́ kan ṣoṣo gbọ́ ohùn, a fi ń gbọ́ èdè, a fi ń gbọ́ òórùn, ọmọ tó bá kọ etí ikún sí ìyá rẹ̀ a ní kò gbọ́ràn. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo ń wo ojú fèrèsé bíi tiwọn, nígbà tí ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo rí yàrá tí n kò wọ̀ rí ní Ọ̀yọ́. Mo rí dókítà tó ń sọ Òyìnbó. Mo gbọ́ Làmídì tó ń sọ fún un pé, "Mi ò gbọ́." Mo sì rí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, tó yíjú sí dókítà, tó túmọ̀ rẹ̀ fún un pé Bàbá kò gbọ́ Òyìnbó.

"Rísí," mo wí, "wọn ò pè é ní onírọ́. Èdè ni wọ́n rò pé kò gbọ́."

"Ta ni, Màmá?"

N kò dúró de ọjọ́ tí a fẹnu kò sí. Mo pe Alhaji Súlè lọ́jọ́ kejì gan-an, mo ní kó ránṣẹ́ pe Ganiyu. Nígbà tó dé, mo bẹ̀rẹ̀ látorí Mísítà Kọ́lìn, ó sì fi mí sílẹ̀ kí n sọ ọ́ dé òpin.

"Àti pé ó dá ògbufọ̀ lóhùn ìkíni," Ganiyu ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ó dá a lóhùn dáadáa ní Yorùbá. Kò ku nǹkan kan tí wọ́n máa fi mọ̀."

"Bá mi sọ fún un pé wọn ò pè é ní onírọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà kó kà á. Ìwé mẹ́rin lòun kà, ó ju tèmi lọ."

Ganiyu fi ẹfun kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Alhaji: WỌ́N RÒ PÉ ÒYÌNBÓ NI Ẹ Ò GBỌ́. Alhaji sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Làmídì dúró níwájú ìlẹ̀kùn yẹn títí, àwọn oníbàárà ò rí ọ̀nà wọlé. Ó wá ní, "Ọmọ yẹn mà kí mi dáadáa o." Ó ní kí Ganiyu lọ mú bírò wá.

Ọdún kù díẹ̀ kó parí nígbà tí ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wọn wọlé. Ọ̀yọ́ náà ni wọ́n tún pè wọ́n sí, lẹ́yìn ọdún tuntun. Obìnrin kan, Ìyáàfin Fálọlá, ló jókòó sórí ìgbìmọ̀. Ganiyu ṣàlàyé. Wọ́n pe ògbufọ̀ náà wọlé, Adéyẹmọ lorúkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Làmídì. Ó ní, "Mo rò pé Òyìnbó ni Bàbá ò gbọ́, mà. Wọ́n ń dá mi lóhùn tí mo bá kí wọn."

Ìyáàfin Fálọlá dìde. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn Làmídì láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dún. Ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá." Làmídì ń wo tábìlì. Ó tún ní, "Bàbá, wọ́n ní ìyàwó yín ti dé láti Lọ́ńdọ̀nù." Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Làmídì rí wọn, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ohun tó rò pé ó bá ibẹ̀ mu. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó."

Ganiyu ní kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyẹn.

Wọ́n ní kó lọ sọ́dọ̀ àwọn elétí ní Ìbàdàn kí ìpinnu tó jáde. Wọ́n fi nǹkan bò ó létí níbẹ̀, wọ́n fún un ní bọ́tìnnì. Ó di bọ́tìnnì náà mú, ó dúró dè é, kò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń ro ìyẹn: èmi nínú yàrá kékeré ti ibí, òun nínú ti ọ̀hún, ká jọ di bọ́tìnnì mú.

Ìgbà òtútù ti ń lọ. Mo ti ń sọ "páádìn", pé kí wọ́n tún un sọ, bí Glọ́ríà ṣe kọ́ mi, Mísítà Kọ́lìn ò kígbe sí mi mọ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa, Tẹ́rì, tí mo ti ń kí láti ọjọ́ tí mo dé tí kì í wojú mi, ṣí ìlẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Mọ́nìn, Mama," kí n tó la ẹnu. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ló ń kí. Èmi ni. Mo fẹ́ délé kí n sọ ọ́ fún ẹnì kan tó máa yé, ilé tí mo sì ní lọ́kàn kì í ṣe ti Rísí.

Ọjọ́ fóònù ni lọ́jọ́ náà. Alhaji gbé e, kò bi mí nípa ọba obìnrin. Ó ní, "Ẹ dúró, ìwé ìpinnu ti dé, ó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

"Ìyá Rísí," Làmídì ní. Ó dákẹ́.

"Mo wà níbí."

"Wọ́n gbọ́."

Ó wá dákẹ́. Àyè tó fi sílẹ̀ gùn, kò fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún mi rí. Mi ò mọ èwo nínú gbogbo gbọ́ wa ló ní lọ́kàn. Bóyá gbogbo rẹ̀ ni. Mo ti fẹ́ sọ ti Tẹ́rì, mo fẹ́ bi í bóyá ó máa lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí. Mo wá gbọ́ ìró ọ̀pá ìtìlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, àti ohùn Mùfútáù lẹ́yìn rẹ̀: "Ẹ sọ fún un kó yéé fi àkókò wa ṣòfò, ìrun Ásàrì ti tó." Ó bá wọn wá. Mo kàn ní, "Mo gbọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Làmídì ní, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mo padà lọ bá a nígbà tí Wàhábù bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ó ka ẹnu mi fún ọdún díẹ̀ sí i kó tó lọ. Lẹ́yìn tí a sin ín, Rísí mú mi padà wá síbí. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi nígbà mìíràn, á ní, "Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Mo ní kò sí. Ṣùgbọ́n mo máa ń kí i láàárọ̀, mo máa ń sọ ohun tí mo rí nínú bọ́ọ̀sì fún un, lẹ́yìn náà mo máa ń dákẹ́ díẹ̀, bí ìdáhùn rẹ̀ ṣe máa ń gùn tó.